Bí Màmá Mi Ṣe Rán Òpópónà Márosẹ̀

Láti ilé wa nígboro dé ìlú kékeré tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ń gbé, ìrìn náà kò tó wákàtí kan bí ọkọ̀ kò bá há nígboro. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ẹ̀pà náà ò ní tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi débẹ̀. Síbẹ̀, bí a ṣe múra ìrìn-àjò yìí nílé wa, àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá ò múra tó bẹ́ẹ̀. Odidi oṣù kan gbáko ni a fi rin ọ̀nà náà láì kúrò ní pálọ̀.

Ìyá Kọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pe màmá mi. Kò sí fèrèsé kan lágbègbè wa tí kò wọ aṣọ tó rán. Wọ́n ní bí oòrùn bá fẹ́ wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ màmá mi. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́: tábìlì gígùn kan tó fi ń gé aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú kan tó ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́ bí àna tí wọn ò fún ní àga, àti igi kọ́tìnnì lóríṣiríṣi tí wọ́n fara ti ògiri. Òwú wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òwú wà nínú bàtà, òwú wà nínú ọbẹ̀. Èyí tí mo ti gbé mì láti kékeré tó láti fi hun súwẹ́tà fún erin.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ tó ní kéré, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sínú ife. Ọjọ́ tó wọlé gan-an ni màmá mi rán kọ́tìnnì sí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi béèrè bóyá ọkọ̀ ni tàbí yàrá àlejò. Màmá mi ní ohun tó bá ní fèrèsé kò gbọdọ̀ wà níhòòhò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàbá mi díẹ̀. Aago ló ń tún ṣe. Aago tó wà nílé wa pọ̀ ju ìṣẹ́jú tí wọ́n ń kà lọ, kò sì sí méjì nínú wọn tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló máa ń so aago mọ́. Bí ti ọ̀tún bá ní ó ti tó, ti òsì á ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Bàbá mi ò wakọ̀ rí láyé rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó mọ ọkọ̀ wà ju gbogbo awakọ̀ lọ. Èmi ọmọ rẹ̀ ló sọ ní Alárìíwísí, nítorí mo máa ń béèrè ìdí.

Ẹni tó fa gbogbo wàhálà yìí ni Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, títí kan bàbá mi tó fi ọdún mélòó kan jù ú lọ. Ilé ìfọṣọ ilé-ìwòsàn ìlú kékeré yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ló ń fọ̀, tó ń sá, tó ń lọ̀. Nígbà tí òbí wọn kú, màmá mi ò tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló gbé e dàgbà. Nígbà tí màmá mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, Ẹ̀gbọ́n yéé wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, lójò lẹ́ẹ̀rùn, owó ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀ sì ń di owó ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ẹsẹ̀ ti mọ́ ọn lára, kò wọ ọkọ̀ mọ́. Títí dòní, bí màmá mi bá ti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ sọ pé, "Ọlọ́run, bá mi dá Ẹ̀gbọ́n sí," kó tó gún aṣọ. Ẹni tó bá wọ yàrá yẹn láì mọ ìtàn á rò pé abẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán, màmá mi ṣèlérí kan fún un. Ó ní, "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìntì, ẹ ò ní fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ ló máa wá gbé yín ní géètì, èmi fúnra mi ni màá sì wà á."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Kékeré kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ná. Kékeré ló ń pe màmá mi títí dòní, màmá mi tí bẹ́líìtì ọkọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kó tó yí i po.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ò gbàgbé ìlérí náà. Bí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, ó ti ròyìn rẹ̀ ní ilé ìfọṣọ, ní ilé ìdáná, lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, títí dé ilé òkú. Àwọn ti ilé òkú nìkan ni ò fèsì. Gbogbo ilé-ìwòsàn ló mọ̀ pé ní ọ̀sán ọjọ́ tó máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, bí aago iṣẹ́ bá ti lù, àbúrò ìyá yìí máa wà ní géètì pẹ̀lú ọkọ̀.

Ìṣòro wà níbẹ̀. Màmá mi ò wakọ̀ kọjá ìgboro rí. Nígboro wa, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré. Èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó lọ gẹrun, kó padà wá bá ọkọ̀ níbi tó fi í sí. Jíà kejì ni màmá mi fi ń lọ sí gbogbo ibi tó ń lọ. Jíà kẹrin wà nínú ọkọ̀ yẹn bí àlejò tí wọn ò tíì mú mọ ará ilé. Márosẹ̀ wá jẹ́ ibi tí tírélà ti ń fò kọjá bí òkò.

Ọkùnrin tó kọ́ ọ lọ́kọ̀, Tíṣà Bíréèkì, ní òun á bá a wà á. Bíréèkì nìkan ni ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ọkùnrin náà bó bá ń kọ́ èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kọ́tìnnì, ẹ jókòó sẹ́yìn bí ọ̀gá. Bá a bá ti dé ìtòsí géètì, ẹ bọ́ síwájú kẹ́ ẹ di sítíárìn mú. Ta ló máa mọ̀?"

Màmá mi rò ó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń gbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n pè.

"Kékeré, mo gbọ́ pé ò ń gbọ̀n."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọkọ ẹ ni."

"Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òtútù ló ń mú mi."

"Nínú ooru yìí? Gbọ́, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, má da ara ẹ láàmú. Ẹsẹ̀ mi ló ti ń gbé mi bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Kò ní kọ̀ láti gbé mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó kù."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ìyẹn gan-an ló sì dun màmá mi. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo bàbá mi títí tí aago ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi fẹ́ dúró, ó ní òun fúnra òun ló máa wà á, ó wá mú ṣọ́ọ̀kì.

Ohun kan ṣoṣo ni màmá mi mọ̀ nípa ètò: ohun tó bá ń ba èèyàn lẹ́rù, kó wọ̀n ọ́n, kó gé e, kó rán an. Ó na aṣọ dúdú kan tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ sórí ilẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó tún pe Ẹ̀gbọ́n padà, ó ní kó júwe ọ̀nà fóun. Bí Ẹ̀gbọ́n ti ń júwe ni òun ń fi ṣọ́ọ̀kì ya á: afárá, òpó fóònù gíga, ilé-ìwé kan, oríta tí wọ́n ti ń yà kúrò ní márosẹ̀. Nígbà tó yà á tán, ó fi òwú ta gbogbo rẹ̀ kó lè yọ sí apá kejì, ó yí aṣọ náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Ríbọ́ọ̀nù funfun di ìlà àárín títì. Bọ́tìnnì pupa di òpó fóònù, ti àwọ̀ ewé di ilé-ìwé, ìdè wúrà kan tí wọ́n fi ń so kọ́tìnnì ọlọ́lá sì di afárá. Mi ò rí márosẹ̀ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ìjọba bá lè rán títì báyìí, kò sí ihò tó máa wà níbẹ̀.

Mo ní, "Màmá, fóònù mi mọ ọ̀nà. Ó máa ń sọ̀rọ̀ gan-an."

Bàbá mi ní, "Alárìíwísí, fóònù tó ń kú kí èèyàn tó jẹun ọ̀sán, òun lo fẹ́ kó mú wa rìnrìn-àjò?"

Bí aṣọ ṣe di ìwé ìrìn-àjò wa nìyẹn. Alaalẹ́ la ó gbé àga mẹ́ta sórí rẹ̀. Màmá mi á di ọmọrí ìkòkò mú bíi sítíárìn, èmi á jókòó lẹ́yìn bí ẹrù, bàbá mi á sì di tírélà. Inú yàrá ló ti ń gbéra, pẹ̀lú bẹ́séènì ńlá lórí, á máa kùn bọ̀.

"Ìyá Kọ́tìnnì, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ o."

"Ẹ máa kọjá, bàbá wọn."

"Tírélà kì í kàn kọjá bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bú ẹ."

"Kí ló fẹ́ bú mi sí?"

"Pé ò ń rìn bí ìgbín."

"Ẹ kọjá jàre, ọbẹ̀ mi wà lórí iná."

A ṣe é títí tí màmá mi fi lè lọ kó sì bọ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Òpó lósì, ilé-ìwé lósì, oríta, yà sọ́tùn-ún. Ó ń kà á bó ṣe ń rán aṣọ, ó ń kà á lójú oorun. Kò sẹ́ni tó tún bi Ẹ̀gbọ́n ní ohunkóhun. Ẹni tó ti rán aṣọ tán kì í tún gbé téèpù lé èèyàn lára.

Ọjọ́ pé. A gbéra láàárọ̀, nígbà tí aago ọ̀tún bàbá mi ní ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ tí ti òsì sì ní ó kù díẹ̀. Bàbá mi jókòó síwájú. Èmi wà lẹ́yìn láàárín kọ́tìnnì méjì bí ọba tí ara rẹ̀ ò yá, pẹ̀lú búrẹ́dì, omi, àti ẹyin sísè tó lè bọ́ ọmọ ogun. Aṣọ ọ̀nà wà lórí itan mi, mo ká a dáadáa. Ìgboro fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo òwúrọ̀ lọ́wọ́ wa kí a tó bọ́ sí márosẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ayé ló ń kọjá wa. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá wa. Màmá mi di sítíárìn mú bí ẹni tó di ìwo màlúù mú, ètè rẹ̀ ń mì: òpó lósì, ilé-ìwé lósì, oríta, yà sọ́tùn-ún.

A kọjá afárá. Ọkàn wa balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òpó fóònù yọ.

Mo ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe òsì ni òpó yẹn wà lórí aṣọ?"

"Òsì ni."

"Ọ̀tún ló wà yìí."

Bàbá mi yọjú wò ó. "Wọ́n ti gbé e sọdá."

"Òpó gíga báyìí?"

"Ìjọba ni. Kí ni wọn ò lè gbé?"

A rìn díẹ̀ sí i, ilé-ìwé yọ. Ọ̀tún lòun náà wà.

"Ilé-ìwé náà ti sọdá," ni mo wí.

"Ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni," bàbá mi dáhùn. "Nǹkan kì í dá ṣí kúrò níbì kan."

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé ńkọ́?"

"Wọ́n bá a lọ. Jẹ́ kí màmá ẹ wakọ̀."

Òógùn ti ń ṣàn wọ ọrùn aṣọ màmá mi. Nígbà tí a dé oríta, pátákó kan wà níbẹ̀, tó tóbi tó ògiri ilé. Wọ́n kọ orúkọ ìlú Ẹ̀gbọ́n sí i gàdàgbà, ọfà rẹ̀ sì na ọwọ́ sí òsì. Màmá mi dẹsẹ̀ lórí iná ọkọ̀.

Ó ní, "Bàbá wọn, òsì ni pátákó yẹn wí."

Bàbá mi yẹ pátákó náà wò bí ẹni yẹ aago tó kú wò. "Afẹ́fẹ́ ló yí i."

"Irin ńlá yìí?"

"Ṣé pátákó la fi kọ́ ọ̀nà ni àbí aṣọ? Ta ló rán aṣọ yẹn? Ìwọ ni. Ṣé ìwọ lo rán pátákó?"

Tírélà kan fun fèrè lẹ́yìn wa, fèrè náà sì gùn tó ìwàásù. Ọwọ́ màmá mi ti mọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó yà sọ́tùn-ún.

Ọ̀nà tí a yà sí bẹ̀rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Nígbà tó yá, ọ̀dà rẹ̀ tán. Nígbà tó tún yá, títì fúnra rẹ̀ tán, ó ku eruku. A ń lọ, a ń lọ, igbó ń wò wá. Níkẹyìn, ọkọ̀ wa dúró síwájú ọgbà adìyẹ kan, ibi tí ayé parí sí. Bí ẹgbẹ̀rún adìyẹ ti yọ orí wò wá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ Ẹ̀gbọ́n.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn jáde wá. "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹyin lẹ fẹ́ rà?"

Bàbá mi gbé ike ẹyin wa sókè. "Rárá, a ní."

Màmá mi ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Atẹ́gùn fẹ́, ó gbá etí aṣọ náà, ó sì dà á dé. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lẹ́yìn aṣọ. Níbẹ̀, òpó wà lọ́tùn-ún. Ilé-ìwé wà lọ́tùn-ún. Ní oríta, ọ̀nà yà sí òsì, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ti júwe rẹ̀.

Màmá mi ṣí aṣọ wo ojú rẹ̀, ó tún dà á dé, ó wo ẹ̀yìn.

"Òdì ni," ó ní. "Òdì aṣọ ni mo ya ọ̀nà sí."

Gbogbo ẹni tó ń rán kọ́tìnnì, ẹ̀yìn aṣọ ló ń sàmì sí, kí ṣọ́ọ̀kì má bàa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kò pa kọ́tìnnì lára. Ọ̀nà tí èèyàn bá gbà gbé e kọ́, ó kọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà tó wà lọ́tùn-ún lẹ́yìn aṣọ, bí wọ́n bá yí i padà, òsì ló máa bọ́ sí. Odidi oṣù kan la fi kọ́ ìrìn-àjò yìí sódì, a mọ̀ ọ́n dunjú, a sì fi ẹ̀sùn kan ìjọba.

Bàbá mi ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ìgbà wo?" mo bi í.

"Nínú mi."

Mo rò pé màmá mi á rẹ́rìn-ín, nítorí obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fara ti ọkọ̀. "Bí aago bá ti lù ńkọ́? Gbogbo wọn ló máa dúró síbẹ̀ máa wò ó. Wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà, wọ́n á wá máa wo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò fi mí ṣẹ̀sín rí."

A pe fóònù Ẹ̀gbọ́n. Fóònù náà ti kú. Bàbá mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní ti ọ̀tún wí pé aago iṣẹ́ ti lù, ti òsì ní ó ṣì kù.

Màmá mi ní, "Ẹ bọ́ ti ọ̀tún."

Bàbá mi bọ́ ọ, ó kì í bọ àpò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ìyàwó tó pa aago lẹ́nu mọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin aládìyẹ náà dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń júwọ́. "Ẹ máa fẹ̀yìn bọ̀, ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra, ilé adìyẹ mi nìyẹn. Ẹ ti ṣe é, ìyá. Ẹ máa lọ, Ọlọ́run á mú yín débẹ̀." Kò bi wá níbi tí à ń lọ. Ó kàn rí ojú màmá mi, ó sì gbàdúrà. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Bí a ṣe padà sí oríta, kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Màmá mi ki jíà kẹta. Ó ki jíà kẹrin. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe háà, nítorí kò mọ̀ pé ohun tó wà nínú òun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kọ́tìnnì ẹ̀yìn ń lu mí létí méjèèjì. Tírélà kan wà níwájú, ó gùn tó àdúgbò wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo alẹ́ tí a fi kọ́ ìrìn yìí, tírélà ló ń kọjá wa, kò sẹ́ni tó ronú pé àwa la máa kọjá tírélà. Màmá mi wo dígí, ó fun fèrè, ó sì kọjá rẹ̀. Bàbá mi di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú, kò fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ní gbogbo ayé mi, mi ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọkùnrin náà.

Nígbà tí a dé géètì ilé-ìwòsàn, kò sí ènìyàn níbẹ̀ àfi ẹ̀ṣọ́ kan tó jókòó sórí àga onírin.

Ẹ̀ṣọ́ náà dìde. Ó wo ọkọ̀, ó wo kọ́tìnnì. "Ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ tí wọ́n ń retí?"

"Àwa ni," màmá mi ní. "Ibo ni wọ́n wà?"

"Ẹ pẹ́ o. Gbogbo ilé ìfọṣọ ló tò síbí bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tó yá, ẹni kan ní ọmọ òun ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Ẹnì kejì ní òun gbé nǹkan kaná. Ó wá ku ìyá yẹn nìkan. Mo gbé àga mi fún wọn, wọn ò jókòó."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àbúrò àwọn kì í parọ́, ọ̀nà ló gùn. Wọ́n wá gbé ẹrù wọn lọ."

Màmá mi ò dúró gbọ́ ìyókù.

A bá Ẹ̀gbọ́n lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwòsàn náà. Àpò ẹrù rẹ̀ wà lórí, ó ń rìn jẹ́jẹ́, orúnkún kan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èkejì. Màmá mi fun fèrè. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì wẹ̀yìn, ó júwọ́ pé ká máa kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dúró. Ó yíjú. Ó wo ọkọ̀ náà láti táyà dé òrùlé bí ẹni ń wá àbàwọ́n lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó wò ó tán, ó wo ẹni tó wà nídìí sítíárìn.

"Ìwọ lo wà á?"

"Èmi ni, mà."

"Láti ilé?"

"Láti ilé. Mo ṣìnà lójú ọ̀nà."

"Báwo lèèyàn ṣe ń ṣìnà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo?"

"Mo rán an sódì."

Ẹ̀gbọ́n ò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún béèrè. Ojú màmá mi ti kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n gbọn orí. "Mi ò ní wọlé níbí."

A rò pé inú ń bí i. Bàbá mi ti ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́.

"Géètì la sọ," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ṣebí géètì lo wí, Kékeré? Yí ọkọ̀ ẹ padà. Géètì lo ti máa gbé mi."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé ká gbé yín padà débẹ̀."

"Bí mo bá wọlé níbí, ibí lẹ ti gbé mi nìyẹn. Ta ló máa jẹ́rìí sí i? Ewúrẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n yí padà, àpò lórí, ó ń fẹsẹ̀ rìn padà sí géètì, ọkọ̀ wa sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú jíà kìíní. Ẹni tó bá rí wa á rò pé a ń sin ìyàwó lọ. Kí a tó débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ti rí wa lókèèrè, ó ti wọlé lọ pariwo. Nígbà tí màmá mi fi ọkọ̀ sí ojú géètì, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán ti ń jáde, nọ́ọ̀sì, àwọn ará ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Àwọn aláìsàn tò sójú fèrèsé. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé ní ẹsẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó gbé e dé ojú fèrèsé náà.

Ẹ̀gbọ́n wọ inú ọgbà lọ. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì yíjú sí wa. Ó wá ń bọ̀, kò yára. Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì méjèèjì, èyí tí wọ́n máa ń ṣí fún ọ̀gá àwọn dókítà nìkan. Bàbá mi ti kúrò níwájú, ó di ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀gbọ́n gbé àpò fún un láì wò ó, ó jókòó, ó sì júwọ́ sí àwọn ènìyàn níwọ̀nba.

Ó ní, "Àbúrò mi nìyí. Mo ti sọ fún yín."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, obìnrin ilé ìdáná kan sì ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ní èéfín ni.

Lójú ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni wọ ilé onílé. Kí n tó bó ẹyin kan tán, a ti dé iwájú ilé rẹ̀. Màmá mi dá ọkọ̀ dúró.

"Kí ló dé?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"A ti délé, mà."

Ẹ̀gbọ́n wo ilé rẹ̀. Ó yíjú wo ọ̀nà tí a gbà wá. "Gbogbo ibi tí mo ń rìn láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Màmá mi ò lè gbójú sókè. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo ń dúpẹ́ sí? Ṣebí èmi lo gbé."

"Gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi rìn ín."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lé e léjìká, ó sì fi í síbẹ̀. Bàbá mi yọ aago ọ̀tún rẹ̀ nínú àpò, ó ń ṣe bí ẹni ń tún un ṣe. Èmi ń wo ẹyin ọwọ́ mi.

Nígbà tó pẹ́, Ẹ̀gbọ́n yọjú níta fèrèsé, ó wo ilé kejì. Ó tún jókòó dáadáa.

"Kékeré, bá mi yí àdúgbò yìí ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá ilé kejì ò tíì jáde síta."

Màmá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ki jíà.